Àmì Ìbéèrè Tó Wà Níwájú Orúkọ Àìsàn

Ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó tí a ṣe kọjá, arábìnrin wa kan ní Ìwàrè níhìn-ín kọ ìwé pé òun fẹ́ gba gbogbo owó ìfipamọ́ òun, àti ìpín ìdókòwò òun pẹ̀lú, kí òun sì yọwọ́ nínú ẹgbẹ́. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń dáwó, kò sì jẹ gbèsè kankan. Nígbà tí akọ̀wé bi í pé kí ló dé, kò sọ̀rọ̀. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó fa ìwé pélébé kan yọ tí wọ́n kọ fún un ní ilé ìwòsàn, ó sì gbé e sórí tábìlì. Bàbá Alága wo ìwé náà títí, wọ́n ní, "Ìyàwó wa, kí ni wọ́n kọ síbí?" Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, wọ́n ní ó lè jẹ́ àìsàn kan tí kì í lọ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n gba owó mi kí n fi wá ìwòsàn káàkiri, kí n tó di arọ."

Ohun tí dókítà kọ sínú ìwé náà kò ju lẹ́tà méjì lọ, M àti S, àti àmì kan níwájú wọn. Àmì ìbéèrè ni.

A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún wa ní oṣù kan kí a fi wádìí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ohun tí a gbọ́ àti ohun tí a kà la kó sínú ìwé ìròyìn ti oṣù yìí. Arábìnrin náà fọwọ́ sí i pé kí a kọ ọ́, ó kàn ní kí a má dárúkọ òun ni. Ẹni tó bá sì fura sí ẹni tí à ń wí, kó jọ̀wọ́ kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, ojú ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún nígbà tó bá yí i, ó sì ń ṣe bàìbàì. Pupa inú aṣọ rẹ̀ wá dà bí èyí tí oòrùn ti pa láwọ̀ dà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ojú là padà, gbogbo wa ní èéfín ìdí gàrí ni. Ọdún yípo, ẹsẹ̀ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í kú, bí ẹni pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ láti àtẹ́lẹsẹ̀ títí dé ìdodo. Bàtà á bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò ní mọ̀. Bí ó bá sì tẹrí ba wolẹ̀, á ṣe é bí ẹni pé iná mànàmáná sáré gba ẹ̀yìn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Èyí náà tún dín kù fúnra rẹ̀ láìlo nǹkan gidi kan. Ohun kan tó wà níbẹ̀ tí kò sọ fún dókítà, tó jẹ́ pé àwa la fi ìbéèrè yọ ọ́ jáde, ni pé bí ó bá ti jókòó ti agbada gàrí pẹ́, ojú ọ̀tún yẹn á tún ṣú. Bí ó bá kúrò nídìí iná tó fi omi tútù bọ́jú, á tún là. Ẹ fi ti agbada gàrí yìí sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

Ní ọjà, wọ́n ti ní ó tẹ nǹkan. Àwọn kan tilẹ̀ ní orogún rẹ̀ ló wà nídìí ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ kò ní orogún.

Kí ni MS yìí ná? Ìkékúrú orúkọ kan ni, multiple sclerosis, tí à bá máa pè ní ojú àpá púpọ̀. Dókítà ará Faransé kan, Jean-Martin Charcot, ló ṣe àlàyé rẹ̀ fáyé gbọ́ dáadáa ní Paris ní ọdún 1868. Ẹ wo wáyà iná tó ti orí òpó wọ ilé. Irin tín-ín-rín ló wà nínú, rọ́bà ló bò ó. Báyìí náà ni àwọn iṣan tí ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ sí ara ṣe rí. A kò sọ ti iṣan ẹ̀jẹ̀ o, a ń sọ ti èyí tí ọpọlọ fi ń rán ẹsẹ̀ pé kó gbéra, tí ojú sì fi ń sọ fún ọpọlọ pé mo rí nǹkan. Nǹkan ọ̀rá kan ló bo ọ̀pọ̀ nínú wọn bí rọ́bà. Nínú MS, àwọn ọmọ ogun ara, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti bá kòkòrò àrùn jà, á ṣìnà, wọn á wá máa bó rọ́bà náà jẹ. Inú ọpọlọ ni wọ́n ti ń ṣe é, àti inú okùn tó gba àárín eegun ẹ̀yìn kọjá, àti ara iṣan tó wà lẹ́yìn ẹyinjú. Ibi tí rọ́bà bá ti bó, iṣẹ́ tí iṣan ń jẹ́ á falẹ̀ tàbí kó dúró. Ìdí nìyẹn tó fi lè jẹ́ ojú ni ti ẹnì kan, kó jẹ́ ẹsẹ̀ ni ti ẹlòmíràn, tàbí òòyì, tàbí kí ènìyàn má lè di ìtọ̀ mú, tàbí àárẹ̀ kan tí oorun kò lè wò.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ibi tó wú á rọlẹ̀, ara á tún un dí bó ti lè dí i, ohun tó ń ṣeni á sì lọ. Nínú ènìyàn 100 tí MS mú, nǹkan bí 85 ló jẹ́ pé bí ó ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: á dé, á lọ, á tún dé. Ìyókù jẹ́ àwọn tí tiwọn ń le sí i díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àárín ọmọ ogún ọdún sí ogójì ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń mú obìnrin tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ọkùnrin. Kì í ràn. Ẹ jẹ́ kí a tún un sọ nítorí àwọn tí kò fẹ́ fi ife kan náà mumi mọ́: kì í ràn, bí a jọ jẹun, bí a jọ sùn.

Ìṣirò tí wọ́n ṣe ní ọdún 2020 fi hàn pé nǹkan bí ènìyàn mílíọ̀nù 2.8 ló ní i káàkiri ayé. Ilẹ̀ òtútù ló pọ̀ sí, bí apá àríwá Yúróòpù àti Kánádà. Bí ènìyàn bá ti ń sún mọ́ ilẹ̀ olóoru bíi tiwa ló ń ṣọ̀wọ́n. Àwọn onímọ̀ ní oòrùn tí a ń yá wà lára ohun tó fà á, wọ́n sì ti ń fura tipẹ́ sí kòkòrò àrùn kan tí wọ́n ń pè ní Epstein-Barr. Ní ọdún 2022 ìwádìí ńlá kan tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ṣe mú kí ìfura náà lágbára gan-an. Àmọ́ kòkòrò yìí wà lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ayé tí MS kò mú wọn rí, nítorí náà kì í ṣe òun nìkan.

Àwọn kan wá ní nítorí èyí, àìsàn òyìnbó ni, kò lè mú ọmọ Ìwàrè. A kò gbà. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1990 fi hàn pé àwọn ọmọ tí àwọn ará West Indies bí sí ìlú ọba ń ní i fẹ́rẹ̀ẹ́ bí ọmọ onílé, bẹ́ẹ̀ ó ṣọ̀wọ́n lára àwọn òbí wọn tó ṣí wá. Òmíràn tí wọ́n ṣe ní California, tó jáde ní ọdún 2013, fi hàn pé ó ń mú àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú níbẹ̀ ju obìnrin aláwọ̀ funfun lọ. Richard Pryor, aláwàdà aláwọ̀ dúdú tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀, wọ́n sọ fún un ní ọdún 1986 pé MS ni, ó sì gbé ayé títí di ọdún 2005. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní London tàbí ní Houston, ẹ fetí sí i.

Ó dáa, bí ó bá lè mú wa, kí ló dé tí dókítà fi àmì ìbéèrè sí i? Kí ló dé tí kò sọ pé òun ni, kí ọkàn kúkú balẹ̀ sójú kan? Inú bí wa nígbà tí a kọ́kọ́ rí i. Ó dà bí ẹni tó ju òkò sọ́jà tó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà ní Ìbàdàn wa níbí tó jẹ́ kí a rí i pé àmì ìbéèrè yẹn ni ohun tó ní ọgbọ́n jù nínú ìwé náà.

Àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ yóò rántí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, ọmọ Òkèmèsí ní Èkìtì, tí wọ́n bí ní ọdún 1935, tó sì papò dà ní ọdún 1995. Òun ni àgbà dókítà iṣan àti ọpọlọ ní UCH, ilé ìwòsàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1957. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn ènìyàn kan ń wá bá a tí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ń ta wọ́n, tó sì ń kú, tí wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí wọ́n bá ń rìn nínú òkùnkùn, tí ojú wọn ń ṣú, tí etí wọn sì ń di. Ẹni tí ó bá fi ìwé òyìnbó nìkan wò ó lè kánjú fún un lórúkọ tó wà nínú ìwé. Ọ̀ṣuntókun kò kánjú. Ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n wọ Ẹ̀pẹ́ àti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lọ, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ ènìyàn nílé dé ilé, wọ́n sì ń béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ. Wọ́n rí i pé ẹ̀gẹ́ ni láàárọ̀, ẹ̀gẹ́ lọ́sàn-án, ẹ̀gẹ́ lálẹ́, ẹja àti ẹran kò sì tó nǹkan. Ní ọdún 1968 ó tẹ iṣẹ́ ńlá kan jáde lórí rẹ̀, níbi tó ti nàka sí oró tó wà nínú ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe jinná, èyí tí wọ́n ń pè ní sáyánáìdì. Gbogbo ayé ìmọ̀ ìṣègùn ló ka iṣẹ́ náà.

Kò tán síbẹ̀. Àwọn mìíràn padà lọ sí Òṣoṣà, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2000 pé àìsàn ẹsẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀. Lára àwọn tó padà lọ yìí ló tún wá sọ lẹ́yìn náà pé kò dá àwọn lójú pé sáyánáìdì nìkan ló fà á. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí. Ohun tí a rí dì mú nínú rẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ tó ń kú àti ojú tó ń ṣú lè ní bàbá púpọ̀, àti pé dókítà tó gbọ́n ní ilẹ̀ yìí á kọ́kọ́ wá àwọn bàbá tó sún mọ́ ilé.

Ẹ̀yin alágàrí, ẹ má bẹ̀rù o. Ẹ̀gẹ́ tí a bó, tí a rin, tí a fi sápò tó sì kan fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí a tẹ̀ kí omi rẹ̀ ṣàn dànù, tí a jọ̀, tí a sì yan gbẹ, púpọ̀ nínú oró rẹ̀ ti bá omi àti èéfín lọ. Èyí tí ìkánjú ọjà mú wa rin lónìí tí a yan lọ́la lẹ́jọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà máa tẹ̀ lé ẹ̀bà, nítorí ohun tó wà nínú wọn ni ara fi ń pa ìyókù oró náà. Ti arábìnrin wa kò jọ ti ẹ̀gẹ́ púpọ̀. Ti ẹ̀gẹ́ sábà máa ń rọra mú ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ ni, kì í mú ojú kan lónìí kó fi í sílẹ̀, kó wá mú ẹsẹ̀ kan lámọ̀ọ́dún. Síbẹ̀ dókítà ní láti béèrè.

Kí ni ohun mìíràn tó lè jẹ́? Àtọ̀gbẹ ń pa ẹsẹ̀ lára, ó sì ń ba ojú jẹ́. Ikọ́ ẹ̀gbẹ lè wọ inú eegun ẹ̀yìn kó tẹ okùn inú rẹ̀ mọ́lẹ̀, èyí sì wọ́pọ̀ níbí ju MS lọ dáadáa. Oògùn rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́. Àìtó fítámì kan, B12, lè ṣe é, abẹ́rẹ́ ni a sì fi ń tọ́jú rẹ̀. Àwọn kòkòrò àrùn kan tó ń bá ẹ̀jẹ̀ tàbí ìbálòpọ̀ wọlé lè ṣe é. Ó wá ku ọ̀kan tó jọ MS bí ìbejì, tí wọ́n ń pè ní NMO, tí dókítà Devic ní Lyon ti kọ nípa rẹ̀ láti ọdún 1894. Ojú àti okùn ẹ̀yìn ni òun náà ń bá jà, ó sì mọ ọ̀nà ilé aláwọ̀ dúdú ju bí MS ti mọ̀ ọ́n lọ. Títí di ọdún 2004 kò sí ẹni tó lè fi ẹ̀jẹ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọdún yẹn ni wọ́n rí àmì rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe eré o, nítorí díẹ̀ lára oògùn tó ń ran onímọ̀ MS lọ́wọ́ láti tọ́jú aláìsàn tirẹ̀ lè mú ti NMO burú sí i. Ẹni tó bá fi orúkọ tí kò tíì dájú ra oògùn lè fi owó ara rẹ̀ ra ìfọ́jú.

Nítorí náà, àyẹ̀wò ló kàn. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí kò wọ́n púpọ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba ní Ọ̀yọ́ lè bẹ̀rẹ̀ èyí kí wọ́n tó kọ ìwé sí UCH. Lẹ́yìn náà ni fọ́tò tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ MRI yà. Kì í ṣe irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya egungun tó kán. Òòfà ńlá ni, ènìyàn á dùbúlẹ̀ wọ inú rẹ̀, á máa gbọ́ ariwo bí ẹni pé wọ́n ń lu páànù, ó sì lè gba wákàtí kan. Kò dùn ènìyàn rárá. Ẹ bọ́ òrùka àti yẹtí sílẹ̀ nílé, ẹ sì sọ fún wọn bí irin kankan bá wà lára yín láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín. Èyí ni owó rẹ̀ ń dẹ́rù bani. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ètò ìlera ìpínlẹ̀ wa, OYSHIA, ẹ béèrè ohun tó bá yín san àti ohun tí kò san kí ẹ tó wọkọ̀, kí ó má jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ni ẹ ó ti gbọ́ ọ.

Ti fífa omi ẹ̀yìn ni ìbẹ̀rù pọ̀ sí jù. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá fa omi ẹ̀yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á rọ. A bi dókítà kan léèrè, ó sì ṣàlàyé fún wa pé okùn inú eegun ẹ̀yìn parí lókè ibi tí abẹ́rẹ́ ń wọlé. Omi nìkan ló kù níbẹ̀ àti àwọn iṣan wẹ́wẹ́ tó ń léfòó. Orí lè fọ́ ènìyàn fún ọjọ́ díẹ̀, kí ó sùn, kí ó mu omi. Bí wọ́n bá rí àmì kan báyìí nínú omi náà, ó ń ti ẹ̀rí MS lẹ́yìn.

Nítorí pé ẹ̀rí ni wọ́n ń wá, bí adájọ́. Òfin tí àwọn dókítà ayé ń lò ni wọ́n fi sọrí dókítà McDonald, ọdún 2001 ló kọ́kọ́ jáde, wọ́n sì ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀mélòó kan, ti ọdún 2017 wà lára rẹ̀. Kókó rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé kí wọ́n rí ẹ̀rí pé ìjà náà ti ṣẹlẹ̀ níbi tó ju ẹyọ kan lọ, àti nígbà tó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí kò sì sí àìsàn mìíràn tó lè ṣàlàyé rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn wà tí ojú rẹ̀ ṣú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé, tí kò sì tún ní nǹkan kan mọ́ títí ó fi darúgbó. Bí wọ́n bá ti so MS mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́rùn ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ṣé wọn ò ti bà á láyé jẹ́?

Ìdúró yìí ló wá le. Ó lè gba oṣù, ó lè gba ọdún. Báwo ni ènìyàn ṣe ń gbé inú rẹ̀? Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ti wà níbẹ̀, àti lẹ́nu dókítà, ni èyí.

Ra ìwé ìdánrawò kan. Kọ ọjọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀, ibi tó ti mú ọ, iye ọjọ́ tó lò, bóyá ibà wà lára rẹ nígbà náà. Èyí tó bá ju ọjọ́ kan àti òru kan lọ ni kí o fi gègé pupa sàmì sí, nítorí èyí tó bá kúrú jù ú lọ kì í sábà jẹ́ ìjà tuntun. Ọmọbìnrin arábìnrin wa, tó wà ní girama, ló ń bá a kọ ọ́ báyìí. Nígbà tí dókítà bá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré fún ọ, ìwé yẹn á sọ̀rọ̀ ju ẹnu rẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ agbada gàrí rèé. Dókítà Jámánì kan, Wilhelm Uhthoff, kíyè sí i ní ọdún 1890 pé ojú àwọn kan tó ní MS ń ṣú bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ alágbára, tó sì ń là bí wọ́n bá sinmi; lẹ́yìn náà ni wọ́n wá mọ̀ pé ooru ara ló ń fà á. Iṣan tí rọ́bà rẹ̀ ti bó kì í lè ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ooru. Nígbà àtijọ́, wọ́n tilẹ̀ máa ń fi ènìyàn sínú omi gbígbóná láti wò bóyá MS ni. Ooru náà kò dá kún àìsàn, ó kàn ń fi ojú ibi tó ti bàjẹ́ hàn ni. Ẹ wá wò ó: obìnrin tó ń yan gàrí láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ń ṣe irú àyẹ̀wò yẹn fún ara rẹ̀ lójoojúmọ́, kò mọ̀. Ẹ̀rí tó níye lórí ni fún dókítà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ ọ́. Ẹ̀kọ́ mìíràn wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fi àgbo gbígbóná rẹ irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, tàbí kí ó bo aṣọ mọ́ ìkòkò. Ẹsẹ̀ yẹn lè rọ sí i nínú ooru, kí ẹ sì rò pé àìsàn ló ń gbóná janjan. Iná lè jó o pẹ̀lú, nítorí kò mọ̀ ọ́n lára.

Kò pọn dandan kó fi iṣẹ́ gàrí sílẹ̀. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti pín in: òun ń bó, òun ń jọ̀, àwọn tó kù ń yan. Bí ó bá máa yan, ìdájí ni, kí oòrùn tó mú, láàárín atẹ́gùn, pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́rùn.

Ẹ má ṣe lọ ra oògùn wúwú ní kẹ́míìsì. Dókítà máa ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀, ní agbára tó ga, láti mú kí ìjà kan tètè parí. Kì í dá ìjà iwájú dúró. Ẹni tó ń rà á jẹ fúnra rẹ̀ lóṣooṣù ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ lé orí ìdààmú, ó sì lè bo ẹ̀rí tí dókítà ń wá mọ́lẹ̀.

Ti babaláwo àti ti woòlíì ńkọ́? Àwa kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó gbàdúrà, àwa náà ń bá a ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àìsàn tó ń lọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹni yòówù tí ènìyàn bá lọ bá ní ọ̀sẹ̀ kejì ló máa gba ọpẹ́. Bí ó bá tún padà dé ní ọdún tó ń bọ̀, wọ́n á ní nǹkan ètùtù ni kò pé. Ọ̀nà yìí ni owó ọdún mẹ́sàn-án ìbá gbà lọ.

Ọkọ rẹ̀ wá rí wa lọ́tọ̀. Ó ní òun kò mọ ohun tí òun lè máa sọ sí i, òun kàn ń sọ pé kò sí nǹkan kan, inú sì ń bí i. A rò pé òótọ́ ni inú bíbí rẹ̀. Nǹkan wà, a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀ ni. Kí ó bá a gbé omi, kí ó bá a lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó jẹ́ kó sunkún bí ẹkún bá ń gbọ̀n ọ́n. Bí ẹni náà kò bá sùn mọ́, tí kò jẹun mọ́, tó ń sọ pé ikú sàn, kí wọ́n sọ ìyẹn náà fún dókítà, nítorí ó ní ìtọ́jú tirẹ̀.

Bí ó bá wá já sí MS lóòótọ́ ńkọ́? Kò tíì sí oògùn tó ń mú un kúrò pátápátá. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1993 tí Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí àkọ́kọ́ nínú àwọn oògùn tó ń dín ìjà náà kù, wọ́n ti pọ̀ sí i, wọ́n sì ti dára sí i. Bí ènìyàn bá tètè bẹ̀rẹ̀ wọn ló ń dára jù. Ní ọdún 2023 Àjọ Ìlera Àgbáyé fi mẹ́ta nínú wọn sínú ìwé oògùn tó yẹ kí gbogbo orílẹ̀-èdè ní: rituximab, cladribine àti glatiramer. Ó dára, ṣùgbọ́n wíwà nínú ìwé Geneva yàtọ̀ sí wíwà lórí àtẹ ní Dùgbẹ̀, owó wọn kì í sì í ṣe owó kékeré. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ní MS ló ń rìn, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì ń bímọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí èyí gan-an ni kò fi yẹ kí owó tán kí orúkọ àìsàn tó dé.

Ohun tí ìgbìmọ̀ pinnu nìyí. Owó rẹ̀ ni, bí ó bá ní òun ń lọ, a kò lè dì í mú. A fi yé e pé bí ó bá dúró, ó lè yá ìlọ́po méjì ohun tó fi pamọ́, a ó sì dá a sí méjì: apá kan fún àyẹ̀wò nísinsìnyí, ìyókù á wà nílẹ̀ títí wọ́n á fi mọ ohun tó jẹ́. Kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà fún oṣù mẹ́fà. Ọmọ ẹgbẹ́ méjì ti fọwọ́ ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀; ọ̀kan nínú wọn ni ẹni tó ní ó tẹ nǹkan.

Ó gbà. Ó gba ìwé ìyọwọ́ rẹ̀ padà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni òun àti ọkọ rẹ̀ yóò wọ ọkọ̀ ìdájí lọ sí Ìbàdàn, ìwé ìdánrawò náà á sì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ tó bá ní ìbátan ní ẹ̀gbẹ́ Mọ́kọ́lá tó lè gbà wọ́n sùn fún òru méjì, kó jọ̀wọ́ kó rí akọ̀wé kí ọjọ́ Ẹtì tó pé.